Àmì Ìdánudúró Tó Ń Lé Yorùbá Kúrò Lójú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan a kọ ọ́ pé "File not found". Ẹnìkejì rẹ̀, tó jókòó sí ìdí tábìlì kejì lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, a fi àmì ìdánudúró parí tirẹ̀: "File not found." Ẹnìkẹta a fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀, ẹnìkẹrin a sì yí gbogbo rẹ̀ po, a kọ "Cannot find file". Ohun kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ, pé fáìlì tí a ń wá kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóòjọ́ kan kí ó má fura pé wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ sọ wọ́n di Yorùbá, iṣẹ́ mẹ́rin ni. Bí ó bá ṣe mẹ́ta tí ó gbàgbé ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò yọjú síta níbi tí Yorùbá yẹ kó wà, àwọn tó bá rí i yóò sì mi orí pé àwọn kúkú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èdè Yorùbá kò bá ẹ̀rọ mu.

Ẹ̀sùn èké ni. Àìbìkítà ló jẹ̀bi, ọ̀nà méjì ló sì ti ń wá: lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú ètò, àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń pariwo lé lórí nígbà mìíràn. Ti èkejì ni wọ́n máa ń bò mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà kí ó sì tún ṣe ló ń lo irinṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gettext, èyí tí àwọn GNU ti ń pín kiri láti ọdún 1995. Irinṣẹ́ yìí a rìn yí inú ètò ká, a ṣa gbogbo gbólóhùn tí ojú ènìyàn yóò rí, a sì kó wọn sínú fáìlì kan. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wà lókè, àyè òfìfo ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀ fún ògbufọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, yóò mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́, yóò sì wá ìtumọ̀ tó bá a dọ́gba, lẹ́tà fún lẹ́tà, àmì fún àmì. Bí àmì ìdánudúró kan bá lé, kọ́kọ́rọ́ kò ní wọ ihò.

Nígbà tí ètò náà bá tún jáde lọ́tun, irinṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ msgmerge a gbé gbólóhùn àtijọ́ àti ti tuntun kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá rí èyí tó jọra ṣùgbọ́n tí kò dọ́gba, a fi ìtumọ̀ àtijọ́ síbẹ̀, a sì lẹ ọ̀rọ̀ náà "fuzzy" mọ́ ọn lórí, tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ yìí ṣókùnkùn, kí ẹnìkan padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Irinṣẹ́ kẹta, msgfmt, ló ń sọ iṣẹ́ ògbufọ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè kà, kì í sì í ka èyí tó bá ṣókùnkùn kún rárá, àfi bí wọ́n bá dìídì pàṣẹ fún un. Nítorí náà, ẹni tó fi àmì ìdánudúró kan kún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ojú rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti yọ gbólóhùn Yorùbá kan kúrò lójú ẹ̀rọ. Ó ti yọ ti Hausa, ti Igbo, ti Swahili àti ti Faransé pẹ̀lú rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Kì í ṣe gbogbo èdè ni ìyà náà ń jẹ bákan náà. Àwọn èdè tó ní ọ̀pọ̀ ògbufọ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn ń gba owó oṣù, yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kí ètò tuntun tó dé ọwọ́ ènìyàn. Yorùbá kò sí nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ ni, tí wọ́n ń fi òru àti òpin ọ̀sẹ̀ wọn ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá fi oṣù mẹ́fà túmọ̀ ètò kan dópin, tí ẹnìkan wá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó pinnu pé àmì ìdánudúró mẹ́ta tó tẹ̀ léra ní ìparí àwọn ọ̀rọ̀ kan yóò di àmì kan ṣoṣo tí Unicode ń pè ní U+2026, gbogbo gbólóhùn tó ní àmì náà ló ti ṣókùnkùn lọ́jọ́ yẹn. Àtúnṣe náà lè bójú mu. Àmì yẹn tilẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: lára ohun tí a ń tẹ̀, ó ń sọ pé ẹ̀rọ yóò ṣì bi ènìyàn léèrè ohun kan kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn fáìlì ìtumọ̀ ṣe é pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí kò ní gbà ju àṣẹ kan lọ lórí kọ̀ǹpútà. Fífi í sílẹ̀ fún àwọn ògbufọ̀ láti máa tọ́ka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwà ọ̀lẹ ni.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ètò ìtọ́jú ìsọfúnni tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò káàkiri àgbáyé, ti kọ ìlànà wọn sílẹ̀ kedere. Ìkìlọ̀ tó jẹ́ olórí kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ní àmì ìdánudúró nídìí. Àlàyé àti ìmọ̀ràn tó bá tẹ̀ lé e ni yóò jẹ́ odidi gbólóhùn, tí yóò ní lẹ́tà ńlá níwájú àti àmì ìdánudúró lẹ́yìn. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ya "could not" sọ́tọ̀ kúrò lára "cannot". Ti àkọ́kọ́ wà fún ohun tí a gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, tó ṣeé ṣe kó bọ́ sí i bí a bá tún un ṣe. Ti èkejì wà fún ohun tí kò ní ṣeé ṣe láéláé nínú ètò náà, bó ti wù kí a gbìyànjú tó. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe gba irú ìyàtọ̀ yìí láìlàágùn: "A kò rí fáìlì náà ṣí" fún ti àkọ́kọ́, "Fáìlì yìí kò ṣeé ṣí" fún ti èkejì. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn àfi bí ó bá dá a lójú pé ẹni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni. Níbi tí kò bá ti sí ìlànà, yóò máa méfò. Èfò a sì máa bí èfò.

Git, tí àwọn tó ń kọ ètò fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí àmì ìdánudúró àti lẹ́tà ńlá. Ìlànà ìkọ̀wé àwọn GNU náà ní in. Àwọn GNOME tilẹ̀ ní àkókò kan ṣáájú ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gbólóhùn mọ́ láìgba àṣẹ, kí àwọn ògbufọ̀ lè rí ilẹ̀ tó dúró tẹ̀. Àwọn Mozilla gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ yẹn ni kọ́kọ́rọ́, èèyàn sì lè tún àṣìkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe láìba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ìtumọ̀ kò bá yí padà. Nígbà náà, ẹni tó ń ṣe ètò lónìí tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àmì ìkọ̀wé jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àwáwí kankan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni gbólóhùn tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń kọ ètò yóò kọ "Delete" síbì kan, yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ fa orúkọ fáìlì wá láti ibòmíràn, yóò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó bá a mu. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe náà jẹ́ elélà: ohun tí a ń ṣe é sí ni yóò wọ àárín rẹ̀. Fáìlì ni a ń pa rẹ́, a kì í "parẹ́ fáìlì". Àwòrán ni a ń fi pamọ́. Orúkọ ni a ń yọ kúrò nínú ìwé, ìdọ̀tí ni a ń dà nù, owó ni a ń dá padà. Ìdajì àwọn iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe fún ènìyàn ló ń gbé inú irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fún ògbufọ̀ ní odidi gbólóhùn tí àyè orúkọ fáìlì wà nínú rẹ̀, yóò gbé àyè náà sí àárín, yóò kọ "Pa %s rẹ́", iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n bá fún un ní "Delete" nìkan, ohun tí yóò jáde lójú ẹ̀rọ kò ní jọ ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá. Yóò jọ ti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tó kà á yóò sì sọ pé ògbufọ̀ kò gbọ́ Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oǹkà. "You have" síhìn-ín, nọ́ńbà sáàárín, "messages" sọ́hùn-ún: Yorùbá a máa sọ orúkọ ohun kí ó tó ka iye rẹ̀, ìwé mẹ́ta, ìfiránṣẹ́ márùn-ún. Èdè náà kò sì ní kí orúkọ yí padà nítorí pé ohun náà pọ̀. Nínú CLDR, ibi tí Unicode kó ìlànà èdè ayé sí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn kan fẹ́ràn láti fi lẹ́tà s sínú àmì akámọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ògbufọ̀ mìíràn a fi "àwọn" sínú àmì akámọ́ níwájú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ta ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjà Ọjẹ́ tàbí ní Dùgbẹ̀?

Àwọn àmì ìkọ̀wé fúnra wọn kì í ṣe dúkìá ẹni tó ń kọ ètò. Gíríìkì ń fi àmì tó jọ semicolon béèrè ọ̀rọ̀, Spéènì ń dojú àmì ìbéèrè kan kọ ilẹ̀ níwájú gbólóhùn, Lárúbáwá ń yí tirẹ̀ sí apá kejì. Yorùbá ní ṣé àti ǹjẹ́ tí ó ti ń kéde ìbéèrè kí ojú tó dé ìparí. Ẹni tó bá kọ ètò tó ń lẹ àmì ìbéèrè mọ́ ìdí gbogbo gbólóhùn fúnra rẹ̀ ti gba iṣẹ́ ògbufọ̀ ṣe, kò sì gbọ́ èdè náà. Kí ó fi àmì sínú gbólóhùn, kí ògbufọ̀ sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá, ilé sì ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ká ní gbogbo àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì yí ìwà padà lọ́la, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan bákan náà níbi gbogbo, ṣé Yorùbá tó máa jáde lójú ẹ̀rọ yóò dọ́gba? Rárá. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ "Save" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ògbufọ̀ kan kọ "Fi pamọ́", kí èkejì kọ "Tọ́jú", kí ẹ̀kẹta kọ "Gbà sílẹ̀". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára. Àbùkù wọn kan ni pé wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Ìyá tó fi ojú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kọ́ pé "Fi pamọ́" ni yóò tẹ̀ kí lẹ́tà òun má baà sọnù, tó wá bá "Tọ́jú" pàdé lójú ẹ̀rọ kejì, yóò dúró, yóò máa rò ó bóyá ohun mìíràn ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tuntun túmọ̀ sí iṣẹ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ti kọ́ ọ̀kan.

Èyí tó léwu ni "pa rẹ́", "yọ kúrò" àti "fagi lé". Ohun tí a pa rẹ́ ti lọ. Ohun tí a yọ kúrò nínú àkójọ kan lè ṣì wà níbòmíràn. Ohun tí a fagi lé, a kò ṣe é mọ́ ni. Bí ògbufọ̀ bá ń pààrọ̀ wọn fún ara wọn bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, ènìyàn yóò pàdánù àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ nígbà tó rò pé òun kàn ń yọ ọ́ kúrò lójú. Ẹ sì wo àpótí ìbéèrè kan tó bi ènìyàn pé: "Ṣé kí a fagi lé owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́?", tí bọ́tìnnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan "Fagi lé", èkejì "Ó dára". Èwo ni ẹni tí kò fẹ́ kí owó náà lọ yóò tẹ̀? Èwo ni ẹni tó fẹ́ kó lọ yóò tẹ̀? Láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni àṣìṣe yẹn ti wá, ògbufọ̀ tó bá kàn dà á kọ ti di alábàápín nínú rẹ̀. "Má fi owó náà ránṣẹ́" àti "Jẹ́ kí ó lọ" ni ìbá kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ", tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀, tí àwọn tó ń kọ ètò kò sì lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ètò kan wà tí ń kí ènìyàn pé "Ẹ káàbọ̀" ní ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń sọ fún un ní yàrá kejì pé "Tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ". Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ti di ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn, pé kò lè fojú di àgbà. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹni tó ń kà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó dì í mú. Nílé Yorùbá, ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ a lo "ẹ". Kí "ẹ" àti "yín" jẹ́ ti gbogbo gbólóhùn tí ẹ̀rọ bá fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ ni pé nígbà mìíràn kò ní hàn bóyá ẹnìkan ni tàbí ọ̀pọ̀, owó tí ọ̀wọ̀ ń náni nìyẹn. Bọ́tìnnì ni kò gbọdọ̀ ní "ẹ". Lórí bọ́tìnnì, ènìyàn ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó ń kí ẹ̀rọ ní "Ẹ fi pamọ́". Ìdí nìyẹn tí "Fi pamọ́" fi tọ́ lórí bọ́tìnnì, tí "Ẹ tẹ orúkọ yín" sì tọ́ lókè rẹ̀, tí kò sí ìtakora kankan láàárín wọn.

Àwọn tó lòdì sí ìdọ́gba yìí ní òwe lẹ́nu: ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n ní èdè tó lọ́rọ̀ ni Yorùbá, pé ẹni tó bá dè é mọ́ ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ kan ti sọ ọ́ di tálákà. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kì í ṣe ewì. Ìtàn èdè náà gan-an sì ń ta kò wọ́n. Ní ọdún 1875, àwọn tó ń fi Yorùbá kọ̀wé péjọ ní Èkó, Ajayi Crowther sì wà níbẹ̀, láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, nítorí pé bí oníkálukú ṣe ń kọ tirẹ̀ kò jẹ́ kí ìwé ẹnìkan ṣeé kà fún ẹnìkejì. Ní ọdún 1974, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun: "aiye" di ayé, "enia" di ènìyàn, "nwọn" di wọ́n. Àwọn kan kùn. Ta ló wá tálákà níbẹ̀? Ìwé ìròyìn, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìtàn àròsọ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò níye. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú fún kó *Èdè-Ìperí Yorùbá* jọ kí àwọn olùkọ́ lè ní ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun kan náà, kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n ti pa èdè náà lẹ́nu.

Ohun tí àkọtọ́ ti 1974 yanjú lórí ìwé ti tún dàrú lórí ẹ̀rọ. Lẹ́tà ẹ́ ṣeé kọ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹnìkan lè kọ́kọ́ fi àmì sí ìsàlẹ̀ kí ó tó fi àmì ohùn sókè, ẹlòmíràn lè fi tòkè ṣáájú. Unicode mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, ètò tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo ìlà kékeré tó nàró lábẹ́ lẹ́tà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+0329, ti kọ ohun mìíràn pátápátá lójú kọ̀ǹpútà, bí ojú ènìyàn kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ kan. Yóò wá "ẹ̀rọ" títí nínú iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní rí i. Ní ti ọjọ́ àti oṣù, CLDR mú Ṣẹ́rẹ́, wọ́n sì ṣe ti orílẹ̀-èdè Benin lọ́tọ̀ pẹ̀lú ɛ, ɔ àti sh, bí àwọn tọ̀hún ṣe ń kọ ọ́. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu: ìlànà méjì tí a kọ sílẹ̀ sàn ju ogún tí kò sí lákọsílẹ̀. Nàìjíríà ló kù tí ètò kan ń pe oṣù kan náà ní Jánúárì, tí òmíràn ń pè é ní Oṣù Kìn-ín-ní, tí ẹ̀kẹta ń pè é ní Ṣẹ́rẹ́.

Fún àwọn tó bá rò pé àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lásán ni èyí, kí wọ́n rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun kò sí, tí ti àtijọ́ sì ń kúrò nílẹ̀. Gbogbo ọjà bọ́ sórí fóònù àti ẹ̀rọ POS. Ọ̀pọ̀ owó ló há sójú ọ̀nà nígbà náà. "Failed", "declined", "unsuccessful", "pending": ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò sí ẹni tó ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn fún alátà tó ti wọn ata fún oníbàárà. Nínú Yorùbá, owó tí kò lọ yàtọ̀ sí owó tí wọ́n kọ̀, èyí tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Alátà tó bá mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ yóò mọ̀ bóyá kí òun gbé ata náà fún un ni, tàbí kí òun ní kí ó tún un fi ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n jọ ní sùúrù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yóò bá sọ fún un ní Yorùbá, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bákan náà lónìí àti lọ́la, ní ilé ìfowópamọ́ yìí àti ní tọ̀hún.

Ó sì gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ní ìdí tí wọ́n fi ń sá fún àmì nínú àtẹ̀jíṣẹ́: àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ tí àwọn GSM ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó di 70. Owó ni wọ́n ń ṣọ́. Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n má sọ pé Yorùbá kò nílò àmì. "Ko" láìní àmì lè jẹ́ kò, ó lè jẹ́ kó, ó sì lè jẹ́ kọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ owó, "kò lọ" àti "kó lọ" kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń méfò lé lórí.

Àwọn kan ti jókòó tí wọ́n ń retí kí ẹ̀rọ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2013, àwọn mìíràn sì ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ èdè. Bí iṣẹ́ náà bá ń pe ohun kan ní orúkọ mẹ́ta, tí ó ń pe àgbà ní "o" níbì kan, tí ó sì ń pè é ní "ẹ" níbòmíràn, ohun tí ẹ̀rọ náà yóò kọ́ nìyẹn, yóò sì máa sọ ọ́ lọ fún gbogbo ayé láìdákẹ́.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń fi ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Microsoft ní ìlànà tirẹ̀ fún àwọn tó ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá. Àwọn tó ń túmọ̀ fún Wikipedia ní àṣà tiwọn lórí translatewiki.net. Kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Èdè Yorùbá, gbé wọn sójú kan náà, kí wọ́n mú èyí tó sunwọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń wá kókó fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lè ṣe ìdajì rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ètò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Yábàá àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ojúṣe tiwọn: odidi gbólóhùn ni kí wọ́n máa kọ, kí wọ́n fi àlàyé kékeré sílẹ̀ fún ògbufọ̀, kí wọ́n sì mú ọwọ́ kúrò lára àmì ìdánudúró lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìtumọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn: fi pamọ́, pa rẹ́, yọ kúrò, fagi lé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá bọ́ sórí oṣù Ṣẹ́rẹ́.